Òkú Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ Òsì

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, mo mọ̀ pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, ẹ fìdí mọ́ àga, torí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń gbọ́ lórí ìdúró.

Òṣèré ni ọkùnrin náà. Ìràwọ̀ ló pe ara rẹ̀. Àwa tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bá a tún orúkọ náà ṣe, a sọ ọ́ di Ìràwọ̀ Ọ̀sán. Ẹ rò ó wò, ta ló ti rí ìràwọ̀ lọ́sàn-án rí? Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó ní òótọ́ la sọ, pé àwọn ìràwọ̀ yòókù ń dúró kí ilẹ̀ ṣú, òun kì í dúró de ẹnikẹ́ni. A wo ara wa, a kí i kú oríire.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, iṣẹ́ mi ni kí n máa kun ojú àwọn òṣèré kí wọ́n tó bọ́ síwájú kámẹ́rà. Mo lè sọ ọmọge di arúgbó kí tíì yín tó tutù. Ojú tó ti gba abẹ́ ọwọ́ mi kọjá kò níye, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó fẹ́ràn ojú ara rẹ̀ tó Ìràwọ̀. Kì í ṣe gbogbo ojú náà o, apá òsì ni. Ayàwòrán kan tó ń ya fọ́tò pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìwé ló sọ fún un lọ́jọ́ kan pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ dára. Lójú tèmi, ayàwòrán náà kàn fẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́ ni. Ìràwọ̀ gbé ọ̀rọ̀ yẹn lọ sílé, ó sì fi ṣe ìgbàgbọ́.

Láti ọjọ́ náà, kì í kọjú sí ènìyàn mọ́. Bó bá ń bá yín sọ̀rọ̀, ògiri ló ń wò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ló sì ń dá yín lóhùn. Ẹ̀gbẹ́ ló fi ń wọlé, ẹ̀gbẹ́ ló fi ń jáde. Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ń bọ́ àwọn méjèèjì, sọ fún mi pé òun kò rántí bí etí ọ̀tún ọkọ òun ṣe rí mọ́.

Ìràwọ̀ Ọ̀sán, ọkọ dígí, a-ríbi-ya-fọ́tò-má-kọjá. Kí ni akọni wa ti wá ṣe nínú eré? Ó ti ṣe ẹni tó ń kọjá lọ. Ó ti ṣe ẹni tó ń tẹ̀ lé ẹni tó ń kọjá lọ. Ó ti ṣe ọlọ́pàá tó dúró lẹ́yìn ọlọ́pàá tó ń sọ̀rọ̀. Ó ti ṣe aláìsàn tí wọ́n ń tì kọjá lórí ibùsùn, ọjọ́ yẹn ló sì na ọrùn wá kámẹ́rà débi tí ó fi yí ṣubú lulẹ̀, tí nọ́ọ̀sì ti ibùsùn òfìfo wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

Kò sí àbùkù nínú pé ipa ènìyàn kéré. Bí iṣẹ́ wa ti rí nìyẹn. À ń jí, à ń lọ tò sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì àwọn onífíìmù, wọ́n á wò wá láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n á ní kí a yí padà, kí a rìn lọ, kí a rìn bọ̀, wọ́n á ní àwọn yóò pè wá. A ó lọ sílé, a ó máa wo fóònù títí yóò fi kú mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń ṣe èyí tí kò dáwọ́ dúró, mo bọ̀wọ̀ fún un.

Ẹ wo Gbétíréè, ọmọbìnrin kan láàárín wa. Gbétíréè la máa ń pè é, torí láti ọjọ́ tó ti wọ inú eré, tíréè ló ń gbé. Ilẹ̀kùn á ṣí, yóò gbé tíréè wọlé, yóò gbé e kalẹ̀ fún àwọn tó ń sọ̀rọ̀, yóò tẹrí ba, yóò jáde. Wọn kò fún un ní gbólóhùn kan rí, bó tilẹ̀ jẹ́ "ẹ kú ìjókòó." Ó sì mọ eré, àbúrò mi yẹn mọ eré. Mo ti rí i tó ń dá ọ̀rọ̀ gbogbo ènìyàn sọ lẹ́yìn ilé níbi tó ti ń fọ ife, tí ara mi sì bù máṣọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti bá a wá àyè sí ibi iṣẹ́ tirẹ̀, níbi tí yóò ti máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí yóò máa kí àwọn tó ń wọlé. Iṣẹ́ gidi ni, owó oṣù wà níbẹ̀. Gbétíréè bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó fún òun ní eré kan ṣoṣo sí i. Ó ní bí ẹ̀yìn èyí kò bá dára, òun yóò gbé tíréè kalẹ̀ pátápátá, òun yóò sì lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Eré kan ṣoṣo náà nìyí. Bàbá olówó kan kú, ẹbí sì ń jà lórí ilé rẹ̀. Gbétíréè ni wọ́n fún ní ipa ìyàwó òkú. Bẹ́ẹ̀ ni, òun fúnra rẹ̀. Yóò wọlé láì gbé ohunkóhun lọ́wọ́, yóò kúnlẹ̀ ti òkú ọkọ rẹ̀, yóò sọ̀rọ̀, yóò sunkún. Ìran kan péré ni. Ṣùgbọ́n Màdáámú tó ń náwó sí eré náà ti kéde fún gbogbo wa pé ẹni tó bá lè pa òun lẹ́kún nínú eré yìí ni yóò jẹ́ olú òṣèré nínú èyí tó ń bọ̀. Màdáámú yẹn kì í sunkún. Wọ́n ní kò sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n bí i.

Ó wá ku òkú. Olùdarí eré ń wá ọkùnrin kan tí yóò kàn sùn sílẹ̀, kó dijú, kó má mí sókè jù. Ìràwọ̀ gbọ́ pé wọ́n ń wá ẹni tí yóò ṣe Bàbá, Bàbá tí gbogbo eré náà dá lé lórí. Ó sáré débẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ló fi sáré. Mo wà ní yàrá kejì tí mò ń to àwọn ìkunjú mi, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ọ̀gá, ṣé Bàbá yìí kò ní sọ nǹkan kan ni?"

"Ó ti kú," ni olùdarí dáhùn.

"Mo gbọ́, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n irú òkú wo ni?"

"Irú èyí tó ti kú."

"Ohun tí mò ń sọ ni pé, bó bá jí díẹ̀, kó sọ̀rọ̀ ìdágbére ṣókí, kó tó padà sùn, ǹjẹ́ kò ní dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ?"

"Kò ní dùn mọ́ àwọn tó fẹ́ jogún rẹ̀," ni olùdarí wí, ó sì pe ẹlòmíràn pé kó wọlé. Ìràwọ̀ tètè gbà kí ẹlòmíràn náà tó fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà.

Ẹ má rò pé inú rẹ̀ bàjẹ́ o. Ó lọ sílé, ó pe ìyàwó rẹ̀, ó pe ìyá rẹ̀, ó rìn dé ọ̀dọ̀ bàbá ìyàwó rẹ̀, bàbá tí kò yé béèrè láti ọjọ́ ìgbéyàwó pé kí gan-an ni iṣẹ́ àna òun. Ó sọ fún wọn pé eré ńlá kan ti dé, pé kò sí ẹni kan nínú eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin tí kì í ṣe òun ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ kíyè sí i, kò purọ́. Òkú ni, kí ni wọn ò ní sọ?

Ó wá bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ló fi dùbúlẹ̀ sórí àga gígùn inú palọ̀, tó dijú, tó ká ọwọ́ lé àyà. Bó bá ní kó bá òun gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sún síwájú, á ní òun ti kú. Bó bá ní kó lọ gba aṣọ lọ́wọ́ oníbàárà, á ní kó má fa òun yọ nínú ipa òun. Ìgbà tí oúnjẹ bá délẹ̀ nìkan ló ń jí. Obìnrin náà sọ fún mi pé òun kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òkú máa ń béèrè bóyá ẹran ṣì kù nínú ìkòkò.

Ọjọ́ iṣẹ́ pé. Ilé tí wọ́n yá fún ìran náà, ọjọ́ kan péré ni onílé yọ̀ǹda rẹ̀, ó sì ní kí oòrùn má wọ̀ bá ẹnikẹ́ni nínú ilé òun. Gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n. Àná rẹ̀ ni olùdarí ti sọ fún Gbétíréè létí mi pé bí ìran náà kò bá bọ́ sí i kí a tó kó jáde, òun yóò yọ ọ́ kúrò, òun yóò fi ẹnì kan sí i tí yóò sọ pé ìyàwó òkú ti dákú sínú yàrá. Gbétíréè kàn ń wé etí aṣọ rẹ̀ mọ́ ìka.

Òkú ni mo kọ́kọ́ kùn. Mo fi eérú díẹ̀ po àtíkè, mo pa ètè rẹ̀ rẹ́, mo jẹ́ kí abẹ́ ojú rẹ̀ wọnú. Iṣẹ́ náà dára, èmi fúnra mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kí i kú àjò. Ó gba dígí lọ́wọ́ mi, ó sì fò sókè.

"Kí lo fi ojú mi ṣe?"

"Mo pa yín ni, Ìràwọ̀."

"Ṣé o ò lè pa mí kí n ṣì dùn ún wò ni?"

Mo ní ó dáa. Mo bá a fi ọ̀dà díẹ̀ sí ètè, òkú náà sì wá dà bí ẹni tó ń lọ síbi ayẹyẹ. Mo wá ní kó na ẹsẹ̀ sí mi, torí aṣọ tí a ó fi bo òkú kò gùn dé ìsàlẹ̀. Ó na ẹsẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ bá mi wo ẹsẹ̀ Ìràwọ̀. Gìgísẹ̀ méjèèjì la yẹ́kẹyẹ̀kẹ bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún ti yà lọ lọ́tọ̀, ó ń wo ọ̀nà ibòmíràn bí ẹni tó ń bá àwọn ìka yòókù jà. Èékánná kan wà níbẹ̀ tí n kò ní ṣàlàyé rẹ̀, torí ẹ ṣì fẹ́ jẹun lónìí.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, kí n fi ìpara pa á. Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ padà.

"Ta ni yóò wo ẹsẹ̀?" ló bi mí. "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ni kó o kó gbogbo àtíkè yẹn sí."

Mo kó o sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ìbéèrè yẹn.

A gbé e sórí ibùsùn. Kámẹ́rà wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, iná ńlá tí ń mú yàrá mọ́lẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, Gbétíréè yóò sì kúnlẹ̀ sí ọwọ́ òsì, kí ojú rẹ̀ lè hàn lókè òkú. Ẹ ti rí ìṣòro Ìràwọ̀ báyìí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún rẹ̀ ló kọ sí kámẹ́rà. Ó bẹ olùdarí kó yí ibùsùn padà, olùdarí ní ògiri kò fàyè gbà á. Ó bẹ̀ ẹ́ kó yí ilé padà, olùdarí kẹ̀yìn sí i.

Olùdarí ní ká bẹ̀rẹ̀. Gbétíréè wọlé. Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ó dúró díẹ̀ bíi pé kò mọ ibi tí ènìyàn ń gbé ọwọ́ sí bí kò bá gbé tíréè, ó kúnlẹ̀, ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ojú yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ rí láàárọ̀." Omi bọ́ lójú rẹ̀ lóòótọ́, kì í ṣe ti ìpara.

Òkú náà bá yí orí. Díẹ̀díẹ̀ ló ń yí i, ó ń yí i kúrò lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀, ó ń yí i bọ̀ sọ́dọ̀ kámẹ́rà, títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì fi yọ jáde tán. Ẹni tó bá wò ó yóò rò pé tọkọtaya náà ti ń jà kí bàbá tó kú, pé kò sì tíì gbàgbé.

Olùdarí dá iṣẹ́ dúró. Ó ní òkú kì í yí orí. Ìràwọ̀ ní kì í ṣe òun, pé ọrùn òkú rọ̀, pé ó ṣubú fúnra rẹ̀, pé òun ti ṣe ìwádìí. A tún bẹ̀rẹ̀. Gbétíréè tún wọlé, ó tún kúnlẹ̀, ó tún sunkún. Òkú tún yí orí, ó fi ẹ̀rín músẹ́ kún un. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó fa imú, ó mí kanlẹ̀, ó sì gbé ìpéǹpéjú kan sókè láì la ojú. N kò mọ bó ṣe ṣe é. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ nílé, kò ṣeé ṣe.

Ẹ óò bi mí pé ẹni tó dijú, báwo ló ṣe ń mọ ibi tí kámẹ́rà wà? Mo wò ó títí kí n tó mọ̀. Iná yẹn ló ń tẹ̀ lé. Ooru iná ń bà á lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, yóò wá máa yí orí lọ díẹ̀díẹ̀ títí ooru náà yóò fi kan òsì. Bí iná bá ti yá ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á mọ̀ pé òun ti dé iwájú kámẹ́rà.

Mo lọ tún ojú Gbétíréè ṣe. Omijé ti ba gbogbo iṣẹ́ mi jẹ́. Oòrùn ti ń bọ́ sẹ́yìn ilé, a sì ti ń gbọ́ tí onílé ń wúkọ́ lẹ́nu géètì. Ó dì mí lọ́wọ́ mú.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí jẹ́jẹ́, "omi ojú mi ti ń tán."

Inú bí mi, kí n má purọ́ fún yín. Inú bí mi débi tí mo fi fẹ́ ṣe òkú yẹn ní òkú gidi. Mo lọ sọ ọ̀rọ̀ iná náà fún olùdarí létí. Ó wò mí, ó wo ibùsùn, ó wo ẹsẹ̀ ibùsùn, ẹ̀rín kan sì bẹ̀rẹ̀ ní igun ẹnu rẹ̀. Ó fi ìka lé ètè. Ó ní ká bọ́ bàtà.

Gbogbo wa bọ́ bàtà. Òun àti oníkámẹ́rà gbé kámẹ́rà láìdún, wọ́n fi ìka ẹsẹ̀ rìn jẹ́jẹ́, wọ́n gbé e lọ sí ìsàlẹ̀ ibùsùn, wọ́n sì dojú rẹ̀ kọ àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì. Iná kò kúrò níbi tó wà. Ibẹ̀ ló ń ràn, ibẹ̀ ló ń móoru. Olùdarí wá gbé ohùn sókè, ó fi oyin sí i.

"Ìràwọ̀, mo ti gbà fún yín. Ẹ ṣe é bó bá ṣe wù yín."

Ẹ ò rí ẹ̀rín tí òkú náà rín.

Gbétíréè wọlé. Ẹnikẹ́ni kò rí àyè ṣàlàyé fún un. Ó wo ibi tí kámẹ́rà wà tẹ́lẹ̀, ó bá iná nìkan níbẹ̀. Ó wo ìsàlẹ̀ ibùsùn. Mo rí i tó yé e. Ó yí ẹsẹ̀ padà, ó lọ kúnlẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ó gbá ẹsẹ̀ burúkú méjèèjì yẹn mú, ó gbé wọn mọ́ àyà bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n móoru padà. Ọ̀rọ̀ ojú tí wọ́n kọ fún un, ó jù ú nù.

"Ẹsẹ̀ yìí ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà," ló wí. "Ọ̀pọ̀ ènìyàn á kọjá, n kò ní dìde. Bí tìrẹ bá dún, n ó ti dìde. Ta ni n ó máa ṣílẹ̀kùn fún báyìí?"

Ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé gìgísẹ̀ tó la yẹn, omijé sì wọ inú ibi tó la. Oníkámẹ́rà ń sunkún, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Olùdarí fi fìlà bojú. Ní òkè ibùsùn, ní ọ̀dọ̀ iná níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni, Ìràwọ̀ Ọ̀sán ń ṣe eré tirẹ̀. Ó yí ọrùn, ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ìpéǹpéjú, ó mi ètè bíi pé ọ̀rọ̀ ìdágbére ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Mo ti aṣọ ìnujú bọnu. Èmi kò mọ̀ bóyá ẹkún ni mò ń sun àbí ẹ̀rín ni mò ń rín, ṣùgbọ́n aṣọ náà tutù.

Nígbà tí ó parí, a ti gbé kámẹ́rà padà kí òkú tó jí. Ó dìde jókòó, ó bi olùdarí pé ṣé ó wọlé sínú kámẹ́rà. Olùdarí ní ó wọlé gan-an.

"Òsì ńkọ́, ọ̀gá? Ṣé òsì hàn?"

"Òsì hàn, ọ̀tún náà hàn. Méjèèjì ló kún kámẹ́rà."

Ìràwọ̀ dì mọ́ ọn. Ta ni yóò sọ fún un? Èmi kọ́.

Ẹ wá wo ìfọ́nnu títí di ọjọ́ tí wọ́n máa fi eré náà hàn. Ó ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ sí ìwé fún àwọn olólùfẹ́. Ó ní ojú òun kún kámẹ́rà, olùdarí fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Ìyàwó rẹ̀ pa iṣẹ́ oníbàárà tì, ó rán kóòtù funfun fún un. Ìràwọ̀ sọ fún un pé kó kó gbogbo ọ̀ṣọ́ sí apá òsì.

Ọ̀sán ni wọ́n fi eré náà hàn, nínú gbọ̀ngàn ńlá kan tí àga rẹ̀ pọ̀. Ìràwọ̀ kó ẹbí wá, ìyá rẹ̀, ìyàwó rẹ̀, bàbá ìyàwó rẹ̀ tó gbé ọ̀pá dání, ó tò wọ́n sí ìlà iwájú. Òun fúnra rẹ̀ jókòó sí ìpẹ̀kun ọ̀tún, kí gbogbo wọn lè máa rí òsì. Màdáámú jókòó láàárín. Gbétíréè wà lẹ́yìn pátápátá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó tì í, ó ti bá a sọ̀rọ̀ pé ọ̀la ni wọ́n ń retí rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ọwọ́ àbúrò mi tutù bí omi kànga.

Eré bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá ti dárúkọ Bàbá, Ìràwọ̀ á fi ìgúnpá gún àna rẹ̀, á ní, "Èmi ni." Wọ́n ní Bàbá lówó, ó ní òun ni. Wọ́n ní Bàbá kò ṣeé gbọ́kàn lé, ó ti ní òun ni kó tó gbọ́ ìyókù. Bàbá ìyàwó rẹ̀ ń mi orí.

Ilẹ̀kùn ṣí. Gbétíréè wọlé láì gbé tíréè. Gbogbo àwa tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ni a pàtẹ́wọ́, a kò lè mú un mọ́ra. Ìràwọ̀ tún kóòtù rẹ̀ ṣe, ó ní, "Ẹ wò ó báyìí. Ojú mi ló ń bọ̀ yìí."

Ẹsẹ̀ ló yọ. Ẹsẹ̀ méjèèjì, ó kún ògiri láti òkè dé ilẹ̀. Gìgísẹ̀ kan tó ènìyàn ní gíga. Àtàǹpàkò yẹn yà lọ lójú gbogbo ayé, èékánná tí n kò fẹ́ ṣàlàyé sì ṣàlàyé ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́, torí Gbétíréè ti gbá a mú. Ó sọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà. Ó sọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn. Gbogbo gbọ̀ngàn ń fa imú. Mo na ọrùn, mo wo Màdáámú. Màdáámú ti bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú bí ọmọdé, ó sì ń bú ẹni tó jókòó tì í pé kí ló ń wò.

Ìràwọ̀ ní tirẹ̀ ń dúró de ojú. Ó dúró títí ìran náà fi parí. Ó dúró nígbà tí wọ́n ń gbé pósí jáde, tí wọ́n ti kàn án pa. Ìgbà tí yẹ̀pẹ̀ àkọ́kọ́ bọ́ lé pósí ni ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó fò dìde, òjìji rẹ̀ sì bo gbogbo ìsìnkú náà mọ́lẹ̀.

"Ojú mi dà?"

Àwọn ènìyàn ní kó jókòó. Ó ní òun kò jókòó. Wọ́n bi í pé ta ni. Ó na ọwọ́ sí pósí lórí ògiri.

"Èmi ni òkú yẹn!"

Ohùn kan wá láti ẹ̀yìn, ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí bàbá padà síbi tí wọ́n sin ín sí, kí wọ́n má tún yẹ̀pẹ̀ bù. Ẹ̀rín bẹ́. Àwọn kan ń yọ́ kúrò lórí àga. Wọ́n tan iná sílẹ̀. Ìràwọ̀ ń pariwo pé òótọ́ ni òun sọ, pé kí wọ́n bi olùdarí, wọ́n sì ń sọ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló lè pe ara wọn ní òkú, pé ẹ̀rí dà?

Ìyá rẹ̀ ló gbèjà rẹ̀. Ìyá dìde, ó kọjú sí gbogbo gbọ̀ngàn, ohùn rẹ̀ sì ń gbọ̀n fún ìfẹ́ ọmọ.

"Ẹ má pè é ní elékèé. Ẹsẹ̀ ọmọ mi nìyẹn. Èmi ni mo bí i, mo mọ àtàǹpàkò yẹn. Bọ́ bàtà rẹ, ọmọ mi, jẹ́ kí wọ́n rí i."

Kí ni kó ṣe? Bó bá kọ̀, òpùrọ́ ni. Ó jókòó, ó bọ́ bàtà dídán, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Òun ni. Gbogbo ènìyàn rí i pé òun ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, àtẹ́wọ́ tí n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí fún òṣèré kankan. Ìyàwó rẹ̀ fi ojú pamọ́ sínú kóòtù funfun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán, èjìká rẹ̀ ń mì tìtì. Ẹkún kọ́ o. Bàbá ìyàwó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ náà dáadáa, ó fi ọ̀pá kan gìgísẹ̀.

"Àna mi," ló wí, "ó dára. Mo ti rí iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ yín ń ṣe. Ìyókù ara yín ńkọ́?"

Màdáámú kò dúró gbọ́ ìdáhùn. Ó ti gba àárín èrò kọjá, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń wá obìnrin tó dì mọ́ ẹsẹ̀. Gbétíréè dìde. Bó ti dìde, ó ká ọwọ́ síwájú bí ẹni tó gbé nǹkan, bó ti máa ń ṣe, ó sì rántí, ó sọ ọwọ́ sílẹ̀. Màdáámú di ọwọ́ náà mú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sunkún jù wá lọ, ó ń sọ pé òun yóò bá wọn sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́ pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn sẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tí mo fi máa yíjú padà sí iwájú, àwọn ènìyàn ti yí Ìràwọ̀ Ọ̀sán ká. Gbogbo wọn ló gbé fóònù sókè. Wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí àwọn ya fọ́tò. Ó gbé ojú sókè, ó yí ọrùn, ó fa ètè, ó ti múra tán. Wọ́n ní rárá o, wọn kò wá fún ojú, kó rọra na ẹsẹ̀.

Ó wò wọ́n. Ó wo ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó ronú jinlẹ̀, bí òṣèré gidi ti ń ronú, ó wá fa ọ̀tún sẹ́yìn sábẹ́ àga, ó na ìkejì síwájú.

"Ó dáa," ló wí. "Ṣùgbọ́n òsì ni kí ẹ yà o."